Ohun tí Lẹ́ńsì Lè Fi Hàn àti Èyí tí Kò Lè Fi Hàn: Ẹ̀kọ́ Ìmọ́lẹ̀ nínú Yàrá Ìwádìí ní Yaba

Ìfáàrà

Bí olùkọ́ bá ní kí akẹ́kọ̀ọ́ fisíìsì ṣàlàyé bí lẹ́ńsì ṣe ń gbé àwòrán jáde, ìlà ni akẹ́kọ̀ọ́ náà yóò fà. Yóò fa ọ̀kan tí ó bá ìlà àárín lẹ́ńsì rìn ní dọ́gbadọ́gba, yóò tẹ̀ ẹ́ kí ó lè gba ojú ìpàdé ìtànṣán kọjá. Yóò fa èkejì gba àárín gbùngbùn lẹ́ńsì láìtẹ̀ ẹ́. Ibi tí ìlà méjèèjì bá ti pàdé ni yóò sì fi àwòrán sí. Ìdáhùn náà tọ̀nà, yóò sì gba máàkì rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí Goldberg àti McDermott, àwọn olùwádìí méjì ní Amẹ́ríkà, bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì léèrè ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí àwòrán bí ènìyàn bá fi páálí bo ìdajì lẹ́ńsì, ọ̀pọ̀ nínú wọn dáhùn pé ìdajì àwòrán náà yóò pòórá. Ọdún 1987 ni wọ́n tẹ àbájáde ìwádìí yìí jáde. Kì í ṣe àwọn tí kò tí ì kọ́ ẹ̀kọ́ ìmọ́lẹ̀ nìkan ni ó ṣi ìbéèrè náà. Àwọn tí ó ti kọ́ ọ parí náà ṣì í. Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé odidi àwòrán ni yóò kù, yóò kàn ṣókùnkùn sí i ni. Láti ojú kọ̀ọ̀kan lára ohun tí ènìyàn ń wò ni ìtànṣán àìlóǹkà ti ń jáde lọ kún gbogbo ojú lẹ́ńsì. Ìlà méjì tí ó wà nínú ìwé kàn jẹ́ méjì tí ó rọrùn láti fà nínú wọn ni.

Yorùbá ní ìròyìn kò tó àfojúbà. Ẹni tí ó bá ti fi àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀ bo lẹ́ńsì rí, tí ó sì wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lórí pépà, kò lè ṣi ìbéèrè yìí mọ́. Iṣẹ́ yìí ṣàlàyé irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀, ìyẹn ìmọ̀ ìmọ́lẹ̀ tí ọwọ́ ń kọ́ kí ẹnu tó lè sọ ọ́. Yàrá ìwádìí ìṣègùn ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé ibẹ̀ ni àṣìṣe nípa ìmọ́lẹ̀ ti lè di ọ̀ràn ẹ̀mí, ó sì ti dà bẹ́ẹ̀ rí ní Yaba.

Láti Ọ̀tọ̀ dé Yaba

Ọ̀tọ̀ kò jìnnà sí ibi tí ilé ìmọ̀ pọ̀ sí. Ẹni tí ó bá wọ ọkọ̀ ní Oyíngbò, tí ó sì gba òpópónà Herbert Macaulay, kò ní pẹ́ dé Yaba. Agbègbè yìí ni Yaba College of Technology wà láti ọdún 1947. Ibẹ̀ ni Yunifásítì Èkó tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1962 wà. Ibẹ̀ ni ọ́fíìsì àjọ WAEC wà. Ibẹ̀ náà sì ni ilé-iṣẹ́ ìwádìí ìṣègùn ti ìjọba àpapọ̀, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí NIMR, fìdí kalẹ̀ sí. Síbẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ọmọ kan dàgbà ní Ọ̀tọ̀, kí ó ka fisíìsì yanjú ní girama, kí ó sì jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú ìdánwò ìṣe ni yóò kọ́kọ́ fi ọwọ́ kan búlọ́ọ̀kù dígí, píìnì àti lẹ́ńsì. Ohun tí ó bá kọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn kì í ju bí wọ́n ṣe ń kọ tábìlì tí wọ́n sì ń ya gíráàfù lọ.

Ètò SIWES, tí àjọ Industrial Training Fund dá sílẹ̀ ní 1973, ni ó máa ń sọ ọ̀pọ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sínú yàrá ìwádìí nígbà tí wọ́n bá dé ilé ẹ̀kọ́ gíga. Akẹ́kọ̀ọ́ tí àlàyé yìí ń tẹ̀ lé kì í ṣe ẹnì kan pàtó. Ohun tí ó bá pàdé ni ohun tí ẹnikẹ́ni tí ó bá jókòó ti máíkírósíkóòpù fún ìgbà àkọ́kọ́ ń bá pàdé. Ó lè rò pé ẹ̀jẹ̀ àti ibà ni òun wá kọ́. Fisíìsì ni yóò kọ́kọ́ dí i lọ́nà.

Àmì tí ó gòkè

Ọ̀nà àtijọ́ kan wà tí ọ̀gá láàbù fi ń bẹ̀rẹ̀. Yóò gé lẹ́tà kan láti inú ìwé ìròyìn, yóò tẹ́ ẹ sórí síláìdì, yóò sì ní kí akẹ́kọ̀ọ́ wò ó. Lẹ́tà "e" ni wọ́n máa ń lò ní ilẹ̀ òkèèrè. Ìwé ìròyìn Yorùbá fún wa ní èyí tí ó sàn jù ú lọ, ìyẹn lẹ́tà "ẹ". Akẹ́kọ̀ọ́ yóò fi ojú sí lẹ́ńsì òkè, yóò sì rí i pé àmì tí ó yẹ kí ó wà nísàlẹ̀ lẹ́tà ti bọ́ sókè, àti pé ẹnu lẹ́tà náà ti kọjú sí òdìkejì. Bí ó bá ti síláìdì sí ọ̀tún, àwòrán yóò sá lọ sí òsì. Bí ó bá tì í síwájú, yóò padà sẹ́yìn.

Níbí ni àwòrán inú ìwé ti bẹ̀rẹ̀ sí í ní ìtumọ̀. Lẹ́ńsì méjì ni ó ń ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀rọ náà. Lẹ́ńsì ìsàlẹ̀, tí ó súnmọ́ ohun tí à ń wò, ń gbé àwòrán gidi jáde nínú ọ̀pá ẹ̀rọ; àwòrán yìí tóbi ju ohun náà lọ, ó sì dorí kodò. Lẹ́ńsì òkè, tí ojú ń gbà wò ó, kàn ń ṣe iṣẹ́ awò tí àwọn àgbà fi ń ka ìwé wẹ́wẹ́ ni: ó ń sọ àwòrán àkọ́kọ́ di ńlá, kò sì tún un dà. Ìdí nìyí tí àmì fi wà lókè títí tí ó fi dé ojú. Bí lẹ́ńsì ìsàlẹ̀ bá ń sọ nǹkan di ìlọ́po 100, tí ti òkè sì ń sọ ọ́ di ìlọ́po 10, ìlọ́po 1,000 ni gbogbo rẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa, tí ìbú rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí maikirómítà 7 sí 8 (maikirómítà 1,000 ni ó wà nínú mìlímítà kan), yóò wá hàn bí ẹni pé ó tó mìlímítà 7 sí 8, bí orí bọ́tìnì ṣẹ́ẹ̀tì kékeré.

Ó yẹ kí a sọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa èdè níbí, nítorí àwọn tí yóò fi Yorùbá kọ́ ẹ̀kọ́ yìí. Nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lo "òjìji" fún òkùnkùn tí ara ènìyàn ń dá sílẹ̀ nínú oòrùn, wọ́n sì tún ń lò ó fún ojú tí ènìyàn ń rí nínú omi. Ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ìwọ̀nyí. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ kò dé ni ti àkọ́kọ́. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti padà wá sí ojú ni ti èkejì. Olùkọ́ tí ó bá fi "òjìji" mọ sí ti àkọ́kọ́, tí ó sì pe èkejì àti ohun tí lẹ́ńsì ń gbé jáde ní "àwòrán", ti dín wàhálà kíláàsì rẹ̀ kù gan-an. Ó ṣì kù kí ó ya àwòrán tí ó ṣeé gbà sórí pépà sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí kò ṣeé gbà. Pépà àti lẹ́ńsì ni yóò ṣe ìyẹn fún un.

Kíkó ìmọ́lẹ̀ níjàánu

Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ jù lọ lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tuntun ni pé ó gbà pé bí ìmọ́lẹ̀ bá ti pọ̀ tó ni ohun tí òun ń wò yóò ṣe hàn tó. Yóò ṣí ihò ìmọ́lẹ̀ abẹ́ ẹ̀rọ sílẹ̀ gbayawu. Gbogbo rẹ̀ yóò funfun, sẹ́ẹ̀lì tí wọn kò fi aró kùn yóò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá. Bí ó bá pa ihò náà dé díẹ̀díẹ̀, etí sẹ́ẹ̀lì yóò bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Inú rẹ̀ yóò dùn, yóò sì tún pa á dé sí i. Níbẹ̀ ni ìyọnu mìíràn ti ń dé: àwọn ìlà dúdú yóò yí ohun gbogbo ká, kókó wẹ́wẹ́ tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn yóò sì lẹ̀ pọ̀. Ìwọ̀n kan wà láàárín méjèèjì. Ìwé lè sọ pé ìwọ̀n náà wà, ṣùgbọ́n ìka ọwọ́ ni yóò wá a rí, nítorí pé síláìdì kọ̀ọ̀kan ni ó ní tirẹ̀.

Iná mànàmáná tí kò dúró déédéé náà ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀ níbí. Máíkírósíkóòpù àtijọ́ ní dígí kékeré nísàlẹ̀ dípò gílóòbù. Ojú kan dígí náà tẹ́ pẹrẹsẹ, ojú kejì sì jin kòtò. Ojú tí ó tẹ́ ni wọ́n ń lò bí lẹ́ńsì tí ń kó ìmọ́lẹ̀ jọ bá wà lábẹ́ síláìdì. Èyí tí ó jin kòtò ni wọ́n ń lò bí kò bá sí, nítorí pé òun fúnra rẹ̀ lè kó ìmọ́lẹ̀ jọ. Ojú ọ̀run tí ó mọ́ ni wọ́n ń kọ dígí yìí sí. Wọn kì í kọ ọ́ sí oòrùn gan-an, nítorí ó lè ba ojú jẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ti fi irú ẹ̀rọ yìí ṣiṣẹ́ ní ọ̀sán tí iná lọ ti kọ́ òfin ìtapadà ìmọ́lẹ̀ ju ẹni tí ó kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà ogún lọ.

Ẹ̀kán òróró kan

Lẹ́ńsì oníìlọ́po 100 ni wọ́n fi ń wá kòkòrò ibà nínú ẹ̀jẹ̀, kì í sì í ṣiṣẹ́ dáadáa láìsí òróró. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò rí i tí wọ́n ń kán òróró pàtàkì kan sórí síláìdì, tí wọ́n sì ń sọ lẹ́ńsì kalẹ̀ títí tí yóò fi kan òróró náà. Bí kò bá béèrè ìdí rẹ̀, yóò gbà pé àṣà láàbù ni. Ìdí rẹ̀ sì ti wà nínú ìwé rẹ̀ láti girama, lábẹ́ àkòrí búlọ́ọ̀kù dígí.

Nígbà tí ìmọ́lẹ̀ bá ń ti inú dígí bọ́ sínú afẹ́fẹ́, ó ń tẹ̀ kúrò ní ọ̀nà rẹ̀. Bí ó bá dagun ju nǹkan bí dígírì 41 lọ, kò ní lè jáde mọ́; inú dígí ni yóò padà sí. Irú ìtànṣán bẹ́ẹ̀ ń ti ara sẹ́ẹ̀lì jáde lórí síláìdì pẹ̀lú, bí afẹ́fẹ́ bá sì wà láàárín síláìdì àti lẹ́ńsì, wọn kì í dé inú lẹ́ńsì láéláé. Ìwọ̀n tí dígí fi ń tẹ ìmọ́lẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 1.52, ti òróró yìí jẹ́ 1.515, ti afẹ́fẹ́ kò ju 1 lọ. Bí òróró bá rọ́pò afẹ́fẹ́, ìmọ́lẹ̀ kò mọ̀ pé òun ti kúrò nínú dígí. Lẹ́ńsì òróró tí ó wọ́pọ̀ lè gba ìtànṣán tí ó dagun tó dígírì 55 nínú dígí.

Èrè rẹ̀ kì í ṣe pé àwòrán mọ́lẹ̀ sí i nìkan. Àwọn ìtànṣán tí ó dagun jù lọ wọ̀nyí gan-an ni ó ń gbé ìròyìn nípa àwọn nǹkan wẹ́wẹ́ jù lọ. Pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ewé, lẹ́ńsì oníìlọ́po 40 tí kò lo òróró lè ya kókó méjì sọ́tọ̀ bí wọ́n bá fi nǹkan bí ìdajì maikirómítà jìnnà síra; lẹ́ńsì òróró lè yà wọ́n sọ́tọ̀ bí ohun tí ó wà láàárín wọn kò bá tilẹ̀ ju nǹkan bí maikirómítà 0.27 lọ. Òrùka kòkòrò ibà nínú sẹ́ẹ̀lì pupa kéré, kókó pupa tí ó wà lára òrùka náà kò sì tó maikirómítà kan. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá gbàgbé òróró, tàbí tí ó jẹ́ kí òróró ta sí lẹ́ńsì oníìlọ́po 40 tí kò sì fi pépà lẹ́ńsì nù ún, lè wo síláìdì aláìsàn kan kí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò sí kòkòrò. Aláìsàn náà yóò gba ìwé èsì rẹ̀ lọ sílé pẹ̀lú ibà lára. Ẹni tí ó bá mọ̀ pé dígírì 41 ni ó fa ọ̀ràn yìí kò ní gbàgbé òróró.

Ohun kan wà tí àwọn kan ń gbìyànjú nígbà tí wọ́n bá ń fẹ́ kí àwòrán túbọ̀ hàn. Wọ́n á yọ lẹ́ńsì òkè oníìlọ́po 10, wọ́n á sì fi oníìlọ́po 20 rọ́pò rẹ̀. Gbogbo nǹkan yóò di ìlọ́po méjì, ṣùgbọ́n kò sí ohun tuntun kan tí yóò yọ jáde. Ṣe ni ó dà bí ìgbà tí ènìyàn fi awò wo fọ́tò inú ìwé ìròyìn: ojú ẹni tí ó wà nínú fọ́tò kò hàn sí i, kókó tàdáwà nìkan ni ó ń tóbi. Sísọ nǹkan di ńlá yàtọ̀ sí yíya nǹkan sọ́tọ̀, ìyàtọ̀ yìí sì ni ó gbé wa dé ìtàn Yaba.

Yaba, 1927

Ní ọdún 1920 ni àjọ Rockefeller Foundation ti Amẹ́ríkà kọ́kọ́ rán àwọn ènìyàn wá sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà nítorí ibà pọ́njú, èyí tí Òyìnbó ń pè ní yellow fever. Ní 1925, wọ́n fi ibùdó ìwádìí kalẹ̀ sí Yaba. Ìbéèrè tí ó wà níwájú wọn ní í ṣe pẹ̀lú máíkírósíkóòpù. Hideyo Noguchi, ọmọ ilẹ̀ Japan tí ó ń ṣiṣẹ́ ní New York, ti kéde ní 1919, lẹ́yìn iṣẹ́ rẹ̀ ní Ecuador, pé òun ti rí kòkòrò tí ń fa àìsàn náà. Kòkòrò tín-ín-rín tí ó lọ́ bí okùn ni, ó sì ṣeé fi ojú rí nínú awò. Àwọn tí ó wà ní Yaba wá kòkòrò yìí lára àwọn aláìsàn Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, wọn kò rí i.

Ní oṣù kẹfà ọdún 1927, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ lára ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Asibi ní Kpeve, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Ghana lónìí. Asibi yè é. Ọ̀bọ tí wọ́n fún ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò yè é. Irú ọ̀bọ náà, rhesus, láti ilẹ̀ òkèèrè ni wọ́n ti kó o wá. Adrian Stokes, Johannes Bauer àti Paul Hudson mú àìsàn náà láti ara ọ̀bọ kan dé ara òmíràn, wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ ṣe é, wọ́n sì fi ẹ̀fọn ṣe é. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi asẹ́ Berkefeld, tí ihò rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí bakitéríà kì í fi í lè kọjá, sẹ́ ẹ̀jẹ̀ náà. Omi tí ó jáde ní òdìkejì asẹ́ ṣì ń fa àìsàn. Ohun tí awò kò fi hàn wà nínú omi náà. Stokes fúnra rẹ̀ kó àìsàn yìí, ó sì kú ní Èkó ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1927. Noguchi wá sí Accra ní oṣù kọkànlá ọdún náà láti wá gbè èrò rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Ibà pọ́njú pa òun náà ní oṣù karùn-ún ọdún 1928.

Ìmọ̀ ìmọ́lẹ̀ ni ó ṣàlàyé ìdí tí kò fi sí awò kankan ní ayé nígbà náà tí ó lè parí àríyànjiyàn yìí. Fáírọ́ọ̀sì ibà pọ́njú kò ju nǹkan bí maikirómítà 0.04 sí 0.05 lọ. Kò tó ìdá kan nínú márùn-ún ohun tí lẹ́ńsì òróró lè yà sọ́tọ̀. Ernst Abbe ará Jámánì ti kọ òfin rẹ̀ sílẹ̀ láti 1873: ìgbì ni ìmọ́lẹ̀, lẹ́ńsì kò sì lè ya ohun tí ó kéré ju nǹkan bí ìdajì gígùn ìgbì náà sọ́tọ̀. Ọmọ Ọ̀tọ̀ tàbí Ìdó tí ó bá ti dúró létí ọ̀sà kò nílò kí wọ́n ṣe ìṣirò gígùn fún un. Bí ìgbì bá kọ lu ọkọ̀ ojú omi ńlá, omi ẹ̀yìn ọkọ̀ náà á dákẹ́, ènìyàn á sì mọ̀ láti ara ìgbì pé nǹkan kan wà níbẹ̀. Bí ìgbì kan náà bá kọ lu ọ̀pá tín-ín-rín tí apẹja rì mọ́lẹ̀, á yí i ká, á sì máa lọ bí ẹni pé kò rí nǹkan kan. Fáírọ́ọ̀sì ni ọ̀pá náà.

Nítorí náà, àfojúbà fúnra rẹ̀ ní ààlà. Àṣìṣe Noguchi kò wá láti inú ọwọ́ tí kò mọ awò lò. Ó mọ̀ ọ́n lò ju ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ. Ohun tí ó rí wà níbẹ̀ ní tòótọ́, àìsàn mìíràn tí ó fara jọ ibà pọ́njú ni ó sì ń fà. Láti ara fáírọ́ọ̀sì tí ó ti ara Asibi wá ni Max Theiler ti ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára 17D ní 1937, tí ó fi gba ẹ̀bùn Nobel ní 1951.

Kíláàsì olùkọ́

Kì í ṣe gbogbo kọ́lẹ́ẹ̀jì ni ó lè ní lẹ́ńsì òróró fún akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan. Ní 2004, àjọ UNESCO bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n ń pè ní ALOP fún àwọn olùkọ́ ìmọ́lẹ̀ ní àwọn orílẹ̀-èdè tí ohun èlò kò pọ̀ sí, Ghana ni wọ́n sì ti kọ́kọ́ ṣe é. Ohun èlò olówó pọ́ọ́kú ni wọ́n ń lò níbẹ̀. Èyí tí ó ṣe pàtàkì jù nínú ọ̀nà ìkọ́ni wọn ni pé kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ ohun tí ó rò pé yóò ṣẹlẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ náà, kí ó jíròrò pẹ̀lú ẹgbẹ́ rẹ̀, kí wọ́n tó wá wò ó. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ wa ń ṣe òdìkejì èyí: wọ́n á sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ tán, wọ́n á wá ṣe é kí akẹ́kọ̀ọ́ lè gbà wọ́n gbọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò tí ì fi èrò ara rẹ̀ sílẹ̀ lórí pépà kò ní mọ̀ pé èrò náà ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já ní koro.

Ọ̀pá dígí tí kì í fọ́ nínú iná, irú èyí tí wọ́n ń pè ní Pyrex, ń tẹ ìmọ́lẹ̀ ní ìwọ̀n 1.47. Ti òróró ẹ̀pà náà súnmọ́ 1.47. Bí olùkọ́ bá da òróró ẹ̀pà sínú ife tí ó sì ti ọ̀pá náà bọ̀ ọ́, apá tí ó wà nínú òróró yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá lójú kíláàsì, nígbà tí apá tí ó wà lókè ṣì hàn kedere. Bí ó bá fi omi rọ́pò òróró, ọ̀pá yóò tún hàn, nítorí 1.33 ni ti omi. Òróró láàbù ìwádìí nìyẹn nínú ife ìdáná, ohun tí yóò sì ná kíláàsì kò ju ìgò òróró kékeré kan lọ.

Ti páálí àti lẹ́ńsì tún rọrùn ju èyí lọ. Lẹ́ńsì kan tí ojú ìpàdé rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 15, àbẹ́là kan, pépà funfun kan, àti yàrá tí wọ́n ti fa kọ́tìnnì rẹ̀. Kí wọ́n gbé àbẹ́là sí sẹ̀ǹtímítà 20 sí lẹ́ńsì, kí wọ́n sì gbé pépà sí sẹ̀ǹtímítà 60 ní òdìkejì. Ahọ́n iná tí ó dorí kodò, tí ó sì ga ní ìlọ́po mẹ́ta, yóò yọ lórí pépà. Kí olùkọ́ gbé páálí dání, kí ó má tí ì bo nǹkan kan, kí ó sì dúró títí tí gbogbo kíláàsì yóò fi kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀.